Láti Orí Aago Ọwọ́ Dé Orí Àbájáde: Bí A Ṣe Ń Ṣètò Dátà Ìwádìí Lórí Oorun Àwọn Ọmọ Tó Ní Ọ́tísíìmù

Ìwádìí lórí oorun àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù (autism) sábà máa ń dàrú kí olùwádìí tó dé ibi ìṣirò rárá. Ó ti gba aago ọwọ́ padà lọ́wọ́ àwọn òbí, ó ti kó ìwé àkọsílẹ̀ oorun jọ, ó ti tẹ èsì ìwé ìbéèrè sínú kọ̀ǹpútà, àmọ́ nígbà tó fẹ́ pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan, wákàtí inú ẹ̀rọ kò bá wákàtí tí òbí kọ mu, nọ́ńbà ọmọ kan jẹ́ 07 nínú fáìlì kan, ó jẹ́ 7 nínú òmíràn, alẹ́ mẹ́ta ti sọnù lọ́dọ̀ ọmọ kan, kò sì sí ẹni tó rántí ìdí rẹ̀ mọ́. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún akẹ́kọ̀ọ́ oyè ìjìnlẹ̀, nọ́ọ̀sì, dókítà àti olùkọ́ tó fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kí dátà tí àwọn ìdílé fi sùúrù kó fún wọn má baà ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣiṣẹ́ látòkè délẹ̀. Ká sọ pé olùwádìí kan ní Ìbàdàn fẹ́ fi oorun ogún ọmọ tó ní ọ́tísíìmù wé ti ogún ọmọ tí kò ní i, tí gbogbo wọn wà láàárín ọdún 4 sí 10. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò wọ aago ọwọ́ tó ń ka ìmìra ara fún alẹ́ 14, òbí yóò kọ àkọsílẹ̀ oorun láràárọ̀, yóò sì dáhùn CSHQ, ìwé ìbéèrè nípa ìṣe oorun ọmọdé, lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ nílò ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ẹ̀tọ́ àwọn tí a ń ṣe ìwádìí lé lórí, àti ìwé ìyọ̀ǹda tí òbí fọwọ́ sí. Ẹ nílò aago tí ó ń gbé dátà ìmìra gan-an jáde, nítorí pé aago tó kàn ń sọ pé “ọmọ sùn dáadáa” kò wúlò fún ìwádìí. Ẹ nílò ìwé àkọsílẹ̀ oorun tí kò ju ojú ewé kan lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, ìwé ìbéèrè tí ẹ ti gba àṣẹ láti lò, tí wọ́n sì ti túmọ̀ dáadáa bí òbí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àti ìwọ̀n kan tó dájú fún ọ́tísíìmù fúnra rẹ̀, bí ADOS-2 tàbí CARS-2 tí ẹni tó gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe. Ní ti kọ̀ǹpútà, R, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò dátà, jẹ́ ọ̀fẹ́, GGIR tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ láti ka dátà aago náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ sì lè fi REDCap tàbí KoboToolbox gba èsì ìwé ìbéèrè sílẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ni àwọn ènìyàn máa ń fò dá: ìwé ìtumọ̀ dátà, níbi tí orúkọ òpó (column) kọ̀ọ̀kan, ìtumọ̀ rẹ̀, ìwọ̀n tí a fi ń kà á, àti iye tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù tó lè wọ ibẹ̀ wà.

Ìgbésẹ̀ Kìíní: Ẹ kọ ìbéèrè àti ìwọ̀n oorun sílẹ̀ kí dátà tó wọlé

“Ǹjẹ́ oorun wọn yàtọ̀?” kì í ṣe ìbéèrè tí dátà lè dáhùn. Ẹ sọ ìwọ̀n tí ẹ ń béèrè nípa rẹ̀. Mẹ́rin ló máa ń tó: ìṣẹ́jú tí ó gba ọmọ kí oorun tó gbé e lọ, àpapọ̀ ìṣẹ́jú tí ó sùn, ìṣẹ́jú tí ó fi lajú lẹ́yìn tó ti sùn, àti ìdá oorun nínú gbogbo àkókò tó lò lórí ibùsùn. Ẹ mú ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn gẹ́gẹ́ bí olórí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Ẹ lè fi í sórí OSF, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn olùwádìí ń fi ètò iṣẹ́ wọn pamọ́ sí, kí ẹlòmíràn lè rí i pé ẹ kò yí i padà lẹ́yìn.

Ìkìlọ̀: ẹni tó bá dán ìwọ̀n ogún wò ní ìpele 5 nínú 100 (ìyẹn ni pé ó gbà kí èèṣì tan òun jẹ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún), tí kò sì sí ìyàtọ̀ kankan ní tòótọ́, yóò ṣì rí bí ọ̀kan tí yóò jọ pé ìyàtọ̀ wà. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé jáde gẹ́gẹ́ bí àbájáde.

Láti mọ̀ pé ìgbésẹ̀ yìí yanjú, ẹ fún ẹlẹgbẹ́ yín ní ìtumọ̀ tí ẹ kọ, kí ó fi ọwọ́ ṣírò alẹ́ kan. Ká ní wọ́n pa iná fún ọmọ ní 20:30, oorun gbé e lọ ní 21:15, ó jí ní 01:00, ó tún sùn ní 01:40, ó jí pátápátá ní 06:00, ó sì kúrò lórí ibùsùn ní 06:10. Ìṣẹ́jú 45 ni oorun fi gbé e lọ. Ó fi ìṣẹ́jú 40 lajú lóru. Ó sùn fún ìṣẹ́jú 485, ó sì lo ìṣẹ́jú 580 lórí ibùsùn, nítorí náà ìdá oorun rẹ̀ jẹ́ 83.6 nínú 100. Bí ẹlẹgbẹ́ yín bá rí iye mìíràn, ìtumọ̀ yín ni kò tíì yé ènìyàn. Ẹ tún un kọ.

Ìgbésẹ̀ Kejì: Ẹ ya orúkọ ọmọ kúrò lára dátà

Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera sí dátà tó gba ìṣọ́ra pàtàkì, ti ọmọdé sì tún gba ìyọ̀ǹda òbí. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kò sọ nǹkankan nípa rẹ̀. Ìwé tó so orúkọ mọ́ nọ́ńbà gbọ́dọ̀ wà níbi tó yàtọ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, lọ́wọ́ ènìyàn kan tàbí méjì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a fi ìsọ̀rí ọmọ sínú nọ́ńbà rẹ̀, bíi OT-12 fún ọmọ tó ní ọ́tísíìmù. Ẹnikẹ́ni tó bá rí fáìlì náà ti mọ àyẹ̀wò ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn, ẹni tó sì fẹ́ pinnu bóyá alẹ́ kan dára tàbí kò dára ti mọ ọmọ tí ó ń wò, ọkàn rẹ̀ kò sì lè dúró láàárín mọ́. Ẹ lo nọ́ńbà lásán, bíi 1042, kí gbogbo nọ́ńbà ní iye dígíìtì kan náà, kí ọ̀rọ̀ 07 àti 7 má baà ṣẹlẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún WhatsApp. Òbí máa ń ya àwòrán ìwé àkọsílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ọmọ lórí rẹ̀, yóò fi ránṣẹ́, fóònù olùwádìí yóò sì fi í pamọ́ sáàárín àwòrán ìdílé tirẹ̀, nígbà mìíràn yóò gbé e lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìbéèrè. Ẹ tẹ nọ́ńbà ọmọ sórí ìwé náà ṣáájú kí ẹ tó fún òbí, kí àyè orúkọ má tilẹ̀ sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá orúkọ ọmọ mẹ́ta tí ẹ mọ̀ nínú gbogbo fáìlì tó wà nínú fódà ìtúpalẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá rí ẹyọ kan, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ìgbésẹ̀ Kẹta: Ẹ jẹ́ kí gbogbo aago sọ ohun kan náà

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù, nítorí pé oorun jẹ́ ọ̀rọ̀ àkókò, àṣìṣe wákàtí kan ṣoṣo sì tó láti dá ìyàtọ̀ tí kò sí sílẹ̀.

Àkọ́kọ́, aago ọwọ́ máa ń gba wákàtí rẹ̀ láti ara kọ̀ǹpútà tí a fi ṣètò rẹ̀. Bí ẹlẹgbẹ́ yín ní Lọ́ńdọ̀nù bá ṣètò aago kí ó tó fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, wákàtí méjèèjì yóò dọ́gba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Ọ̀wàrà títí di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Ẹrẹ́nà, Lọ́ńdọ̀nù fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí Nàìjíríà. Ọmọ tó sùn ní 21:00 yóò wá hàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sùn ní 20:00. Kútọnu àti Ìbàdàn ń lo wákàtí kan náà, ṣùgbọ́n Lọmé fi wákàtí kan rẹ̀yìn látọdún dọ́dún. Ẹ ṣètò aago níbi tí ọmọ ń gbé, kí ẹ sì kọ agbègbè àkókò náà sínú ìwé ìtumọ̀ dátà.

Èkejì, òbí máa ń kọ “aago méjìlá” láìsọ bóyá ti òru tàbí ti ọ̀sán ni. Ẹ tẹ àpótí kéékèèké fún alẹ́, òru, àárọ̀ àti ọ̀sán sórí ìwé náà, kí ẹ sì yí gbogbo rẹ̀ padà sí wákàtí 24 nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ déètì pẹ̀lú ọdún ṣáájú, bíi 2024-04-03, nítorí pé Excel lè ka 03/04/2024 sí ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin lórí kọ̀ǹpútà kan, kí ó kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta lórí òmíràn.

Ẹ̀kẹta, alẹ́ kan ní déètì méjì. Ẹ pinnu pé déètì ìrọ̀lẹ́ ni alẹ́ ń jẹ́, kí ọmọ tó wọlé sùn lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ má baà bọ́ sínú alẹ́ tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe wá ìpíndọ́gba wákàtí tí ọmọ ń sùn bí ẹni ń wá ti nọ́ńbà lásán. Bí ọmọ bá sùn ní 23:30 lálẹ́ kan, tó sì sùn ní 00:30 lálẹ́ kejì, ìṣirò lásán yóò sọ pé aago méjìlá ọ̀sán ni ó máa ń sùn. Ẹ ka ìṣẹ́jú láti ọ̀sán gangan: 23:30 di 690, 00:30 di 750, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 720, èyí tíí ṣe ọ̀gànjọ́ òru.

Láti dán an wò, nígbà tí ẹ bá ń fún ọmọ ní aago, ẹ mi aago náà kíkan fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì kọ wákàtí tí fóònù yín sọ sílẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ẹ bá gbà á padà. Nínú dátà, ìmìra méjèèjì yóò yọ gedegbe. Bí wọn kò bá bọ́ sí wákàtí tí ẹ kọ, ẹ ti mọ iye tí aago náà fi yẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí R to gbogbo alẹ́ tí wákàtí ìsùn rẹ̀ kò sí láàárín 18:00 àti 02:00, kí ẹ sì fi ojú ara yín wo ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú ìwé òbí. Ẹ má ṣe pa á rẹ́. Àwọn ọmọ kan máa ń sùn lẹ́yìn 02:00 ní tòótọ́, àwọn gan-an ni ìwádìí náà ń wá.

Ìgbésẹ̀ Kẹrin: Ẹ fọ dátà aago mọ́, kí ẹ sì ka alẹ́ tó sọnù

Ìmìra ni aago ń kà, kì í ka oorun. Ìlànà ìṣirò bíi ti Sadeh, ti ọdún 1994, tàbí ti Cole àti Kripke, ti ọdún 1992, ló ń sọ ìmìra di oorun tàbí ìlajú. Wọ́n dá oorun mọ̀ dáadáa, àmọ́ wọn kò mọ ìlajú tó bẹ́ẹ̀: ọmọ tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, tí ojú rẹ̀ là, tó ń wo àjà, lè di ẹni tó sùn. Aago tí ọmọ bọ́ sórí tábìlì tún burú jù, torí pé kò mira rárá. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ yọ àkókò tí ọmọ kò wọ aago kí ẹ tó ṣírò oorun kankan, kí ẹ sì fi ìwé òbí kín in lẹ́yìn.

Ẹ lo ìlànà kan náà fún gbogbo ọmọ. Bí ọmọ kan kò bá fẹ́ nǹkan lọ́wọ́, tí ẹ sì rán àpò kékeré fún aago náà sí èjìká aṣọ oorun rẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ kọ ibi tí aago wà sínú òpó tirẹ̀, nítorí pé ìmìra èjìká kì í ṣe ìmìra ọwọ́.

Fún ọmọdé, alẹ́ márùn-ún tó ṣeé lò ni iye tó kéré jù tí ìwádìí Acebo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ti ọdún 1999, dámọ̀ràn fún ìwọ̀n tó ṣeé gbára lé. Alẹ́ 14 tí a ń béèrè ń fi àyè sílẹ̀ fún èyí tí yóò sọnù.

Ìkìlọ̀ tó wúwo jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí nìyí: alẹ́ tó sọnù kì í sọnù lásán. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù ni ìfọwọ́kàn máa ń ni lára, alẹ́ tí ara ọmọ kò sì balẹ̀ ni yóò fa aago náà sọ nù. Alẹ́ tó burú jù ló kọ́kọ́ ń sọnù nìyẹn. Bí ẹ bá kàn fi ìpíndọ́gba dí àlàfo náà, ẹ ti sọ oorun ọmọ náà di dídára ju bó ti rí lọ, bí ẹ bá sì yọ gbogbo ọmọ tí kò pé alẹ́ márùn-ún dànù láìsọ ọ́, àwọn tí oorun ń yọ lẹ́nu jù ni ẹ yọ. Ẹ ṣe òpó kan fún ìdí: ó bọ́ ọ, bátìrì tán, ó ṣàìsàn, òbí gbàgbé. Ẹ fi àtẹ kékeré hàn, tí yóò sọ iye alẹ́ tó ṣeé lò nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan àti ìdí tí ìyókù kò fi ṣeé lò.

Kí ẹ tó kúrò níbí, ẹ mú ọmọ márùn-ún láìṣàyàn, ẹ ya ìmìra alẹ́ kọ̀ọ̀kan wọn sórí àwòrán, kí ẹ sì fa ìlà síbi tí ẹ̀rọ sọ pé oorun bẹ̀rẹ̀. Ojú yín yóò rí ohun tí ìṣirò kò rí.

Ìgbésẹ̀ Karùn-ún: Ìwé ìbéèrè

CSHQ, tí Owens àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2000, ní ìbéèrè 33 tí a ń fún ní máàkì láti 1 dé 3. Máàkì tó pọ̀ túmọ̀ sí ìṣòro oorun tó pọ̀. Àwọn ìbéèrè kan yí ẹ̀yìn padà, bí èyí tó béèrè bóyá ọmọ máa ń wọlé sùn ní àkókò kan náà, ẹ sì gbọ́dọ̀ dojú máàkì wọn kọ ibi tó yẹ (3 di 1, 1 di 3) kí ẹ tó rò ó pọ̀. Wọ́n pín àwọn ìbéèrè náà sí ìpín-ìpín, ìbéèrè méjì sì wà lábẹ́ ìpín méjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ẹ má ṣe ro àwọn ìpín pọ̀ láti rí àpapọ̀, ẹ ro ìbéèrè 33 náà fúnra wọn. Láti ṣàyẹ̀wò, ẹ wo bí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ṣe bá àpapọ̀ rìn. Èyí tó bá ń lọ sókè nígbà tí àpapọ̀ ń lọ sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbàgbé láti dojú rẹ̀ kọ ibi tó yẹ.

Àpapọ̀ 41 ni wọ́n fi ṣe ààlà ìṣòro oorun. Ẹ má ṣe gbé ààlà yìí wọ ilé wa láìrò ó. Ọmọ tó ń sùn lórí ẹní pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ìyá wà nínú yàrá kan náà, yóò gba 3 lórí ìbéèrè bóyá ó ń sùn fúnra rẹ̀ lórí ibùsùn tirẹ̀, 3 lórí bóyá ó ń sùn lórí ibùsùn òbí tàbí ẹ̀gbọ́n, àti 3 lórí bóyá ó nílò òbí nínú yàrá. Bí ìyókù bá tilẹ̀ jẹ́ 1, ó ti ní 39 láì ní ìṣòro oorun kankan. Èrò mi ni pé kí ẹ fi máàkì náà wé ìsọ̀rí méjèèjì gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, kí ẹ kọ òpó kan nípa ètò ìsùn ilé, kí ẹ má sì kéde pé “ìdá báyìí nínú àwọn ọmọ ní ìṣòro oorun” lórí ààlà 41 nìkan.

Ìgbésẹ̀ Kẹfà: Ẹ pa àtẹ pọ̀

Ẹ ṣe àtẹ méjì. Nínú ti ọmọ, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan: ìsọ̀rí, ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àpapọ̀ CSHQ, oògùn, bóyá ó ní wárápá. Nínú ti alẹ́, alẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ó kọ ohun tó ń da oorun rú ní ilé Yorùbá gan-an: iná mànàmáná lọ tàbí kò lọ, jẹnẹrétọ̀ àdúgbò, ìsọ́ òru ọjọ́ Ẹtì, jíjí jẹ sààrì nígbà Ààwẹ̀, ibà, àti bóyá ilé ìwé wà lọ́jọ́ kejì. Bí ẹ kò bá kọ wọ́n sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ kò ní rí wọn mọ́.

Ẹ fi nọ́ńbà ọmọ so àtẹ méjèèjì. Ọmọ 40 lọ́nà alẹ́ 14 jẹ́ 560. Bí àtẹ tó jáde bá ju 560 ìlà lọ, ọmọ kan ti wà lẹ́ẹ̀mejì níbìkan. Bí ó bá dín, ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ alẹ́ tó dín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ Keje: Ìtúpalẹ̀

Alẹ́ 560 kì í ṣe ọmọ 560. Alẹ́ ọmọ kan jọ ara wọn ju bí wọ́n ṣe jọ ti ọmọ mìíràn lọ, ẹni tó bá sì kà wọ́n bí ẹni pé wọn kò tan mọ́ra yóò rí ìdánilójú tí dátà rẹ̀ kò ní. Ẹ lo ìlànà tó mọ̀ pé alẹ́ wà lábẹ́ ọmọ. Nínú R, pẹ̀lú lme4, àfikún R tó ń ṣe irú ìṣirò yìí, ó rí báyìí, (1 | omo) ló sì ń sọ pé alẹ́ wà lábẹ́ ọmọ:

oorun ~ isori + ojo_ori + ako_abo + ile_iwe + (1 | omo)

Ọjọ́ orí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nítorí pé oorun ń dín kù bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Ìṣẹ́jú tí oorun fi ń gbé ọmọ lọ máa ń ní ìrù gígùn: ọ̀pọ̀ alẹ́ jẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan, alẹ́ díẹ̀ ju wákàtí méjì lọ. Ẹ wò ó lórí àwòrán, ẹ fi ọ̀kan kún iye kọ̀ọ̀kan kí òdo má baà dá ìṣòro sílẹ̀, kí ẹ sì lo lọ́gí (logarithm) rẹ̀.

Ẹ má dúró lórí ìpíndọ́gba nìkan. Ọmọ kan lè sùn wákàtí mẹ́sàn-án lálaalẹ́, òmíràn lè sùn mẹ́fà lónìí kí ó sùn méjìlá lọ́la: ìpíndọ́gba wọn dọ́gba, àmọ́ ìyá tó ń tọ́jú ọmọ kejì mọ̀ pé ohun méjì ni wọ́n. Ẹ ṣírò bí oorun ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń yàtọ̀ láti alẹ́ dé alẹ́, kí ẹ sì fi èyí náà wé ìsọ̀rí méjèèjì.

Ní ti oògùn, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Ọmọ tí wọ́n fún ní melatonin gbà á nítorí pé kò rí oorun sùn, nítorí náà dátà lè jọ pé oògùn ló ba oorun rẹ̀ jẹ́. Ẹ ṣe ìtúpalẹ̀ náà pẹ̀lú àwọn ọmọ yìí, kí ẹ tún un ṣe láìsí wọn, kí ẹ sì gbé méjèèjì jáde. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà pẹ̀lú òfin alẹ́ márùn-ún: ẹ fi mẹ́ta dán an wò, ẹ fi méje dán an wò. Àbájáde tó bá yí padà nígbà tí òfin kékeré yí padà, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún òǹkàwé.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́, ẹ kọ ìyàtọ̀ náà ní ìṣẹ́jú pẹ̀lú àlàfo ìdánilójú (confidence interval) rẹ̀, nítorí pé dókítà àti òbí lè fi ìṣẹ́jú ṣe nǹkan. Ẹ má sì kọ pé ọ́tísíìmù fa àìróorunsùn, nítorí pé ìfiwéra ìsọ̀rí méjì ní àkókò kan kò lè fi ohun tó fà á hàn.

Àyẹ̀wò tó kẹ́yìn gba kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹ fi dátà aago bí ó ṣe jáde láti inú ẹ̀rọ, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn, pẹ̀lú ìwé ìtumọ̀ dátà àti fáìlì R yín, lé ẹlẹgbẹ́ yín lọ́wọ́, kí ó tẹ̀ ẹ́ ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìbéèrè ohunkóhun lọ́wọ́ yín. Bí nọ́ńbà tó jáde bá yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú iṣẹ́ yín, ẹ padà sí Ìgbésẹ̀ Kẹta kí ẹ tó wo ibòmíràn, nítorí pé wákàtí ló sábà máa ń fà á: kọ̀ǹpútà kejì ti ka agbègbè àkókò mìíràn.